Báwo lẹ ṣe ń to ọ̀sẹ̀ yín ní wákàtí wákàtí tí kì í fi í dàrú?

Akẹ́kọ̀ọ́_Alẹ́

Ẹ káàsán o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ béèrè nǹkan kan, pàápàá lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí. Mo ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo tún ń kàwé fún ìdánwò kan tó ń bọ̀, ọmọ wà nílé, iṣẹ́ ilé náà wà níbẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ni mo máa ń jókòó ti táìmù tébù, màá fa ìlà, màá fi àwọ̀ oríṣiríṣi kùn ún, aago márùn-ún ààbọ̀ jíjí, mẹ́fà eré ìdárayá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé aago mọ́kànlá alẹ́, kò ní sí ibi kankan tó ṣófo. Mọ́ńdè á lọ dáadáa. Tó bá fi máa di Túsìdé ọ̀gá á ti pe mítìn tẹ́nì kankan ò gbọ́ nípa ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí kára ọmọ gbóná, ìkan á ti wọnú ìkejì, ló máa fi di pé mi ò ní wo ìwé yẹn mọ́ títí Sọ́ńdè míì á fi dé. Ṣé wákàtí wákàtí yẹn ló le jù ni? Ṣé kí n kúkú máa kọ ohun tí mo fẹ́ ṣe sílẹ̀ láìfi aago kankan sí i? Àti pé fóònù ni àbí ìwé, èwo ló dáa jù? Ẹ má bínú pé ó gùn.

Màmá_Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má pa wákàtí tì rárá, òun gan-an ló ń jẹ́ kéèyàn rí òótọ́. Ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé kì í sí ibi tó ṣófo yẹn ni wàhálà wà. Ọ̀sẹ̀ kan ò ju wákàtí 168 lọ, àti olówó àti tálíkà. Ẹ yọ oorun wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ kúrò, 56 nìyẹn, ẹ yọ iṣẹ́ láti mẹ́jọ sí márùn-ún fún ọjọ́ márùn-ún, 45 nìyẹn, ó ku 67. Ó jọ pé ó pọ̀ àbí? Ẹ wá yọ àlọ àti àbọ̀ ibi iṣẹ́, ká ní wákàtí méjì lójúmọ́, 10 tún ti lọ, wíwẹ̀, jíjẹun, oúnjẹ sísè, aṣọ fífọ̀, tá a bá fún wọn ní wákàtí mẹ́ta péré lójúmọ́, 21 tún ti lọ, ó ku 36. Inú 36 yẹn ni ìwé kíkà, ọmọ, ẹbí, àlejò, ìsinmi àtohun tẹ́nì kankan ò rò tẹ́lẹ̀ ti máa jáde. Tẹ́ ẹ bá wá kó gbogbo ẹ̀ fún ìwé àti eré ìdárayá, ibo ni mítìn ọ̀gá yín fẹ́ gbà wọlé?

Kẹ́ ẹ tó tún fa ìlà kankan, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe o. Ìwé kékeré kan àti bírò ti tó, tí wákàtí kan bá ti parí kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta sí i, irú bíi: mẹ́fà sí méje, mò ń bọ̀ nílé. Méje sí mẹ́jọ, oúnjẹ. Mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, iṣẹ́ àmúrelé ọmọ. Mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, fóònù. Ẹ má parọ́ fún ìwé yẹn torí kò sẹ́ni tó máa kà á. Tó bá fi máa di òpin ọ̀sẹ̀ ẹ máa rí i fúnra yín bóyá ìwé tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ máa kà láago mẹ́sàn-án alẹ́, ara ń gbà á lásìkò yẹn tàbí kò gbà á.

Olóǹkà

Òótọ́ ni Màmá Ìbejì sọ, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn méjì tó ṣèwádìí gan-an lórí bí èèyàn ṣe ń ronú, ti kọ̀wé nípa ẹ̀ láti 1979 pé téèyàn bá ń ṣírò bí iṣẹ́ ṣe máa pẹ́ tó, a sábà máa ń fojú kéré ẹ̀, kódà ká tiẹ̀ mọ̀ pé irú iṣẹ́ yẹn pẹ́ gan-an nígbà tá a ṣe é kẹ́yìn. Torí náà ẹ má bi ara yín pé báwo ló ṣe yẹ kó pẹ́ tó, ohun tẹ́ ẹ máa bi ara yín ni pé ìgbà tí mo ṣe é kẹ́yìn, báwo ló ṣe pẹ́ tó? Tó bá jẹ́ pé wákàtí méjì lẹ fi ka orí kan nínú ìwé yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, wákàtí méjì ni kẹ́ ẹ kọ, ẹ má kọ ọ̀kan torí pé ọ̀kan ló wù yín.

Ní ti pé kẹ́ ẹ kàn máa kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe láìsí aago, mi ò rò pé ó máa gbè yín. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ C. Northcote Parkinson tó kọ ọ́ ní 1955 pé bí àyè tá a bá fún iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọ̀hún á ṣe máa fẹ̀ tó. Ímeèlì tó yẹ kéèyàn fi ìṣẹ́jú ogún dáhùn á gba gbogbo àárọ̀ tí kò bá ti sí aago lórí ẹ̀. Iṣẹ́ kéékèèké ló nílò aago jù, ká lè mọ ibi tó yẹ ká ti dá wọn dúró.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fọwọ́ kan oorun. Àgbàlagbà nílò ó kéré tán wákàtí méje lóru, ìgbà téèyàn sì ń sùn ni ọpọlọ máa ń to ohun tó kà lọ́sàn-án jọ kó má bàa sá lọ. Ẹni tó bá gé oorun nítorí ìdánwò, ìdánwò náà ló ń gé.

Nọ́ọ̀sì_Àṣálẹ́

Ẹ rántí àwa tí iṣẹ́ wa kì í dúró sójú kan o. Lọ́sẹ̀ yìí àárọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ òru, táìmù tébù tó bẹ̀rẹ̀ láti Mọ́ńdè ò wúlò fún mi. Tí rọ́sítà bá ti jáde ni mo máa ń to tèmi, ibi tí mo ti máa sùn lẹ́yìn iṣẹ́ òru ni mo kọ́kọ́ máa ń fi sí i kí n tó fi ohun mìíràn sí i. Lọ́jọ́ tí mo bá ṣe iṣẹ́ òru mi ò kì í kọ ju nǹkan kan lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Alẹ́

Ẹ ṣé gan-an gbogbo yín. Ìṣírò Màmá Ìbejì yẹn ṣe mí ní háà, mi ò jókòó yọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ku ìkan. Ká ní mo fi àyè sílẹ̀, tí mítìn bá wá gba wákàtí tí mo fẹ́ fi kàwé ńkọ́? Ṣé ó ti lọ nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n_Àgbà

Àbúrò, kò lọ síbì kankan, ńṣe lẹ máa gbé e. Ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ lófìfo láàárín ọ̀sẹ̀, ká ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdé, kẹ́ ẹ tún fi méjì míì sí àárọ̀ Sátidé, kẹ́ ẹ má kọ ohunkóhun sí i, kẹ́ ẹ sì dáàbò bò ó bí ẹni tó ní àdéhùn pẹ̀lú dókítà. Ohunkóhun tí wọ́n bá lé kúrò láyè ẹ̀, ibẹ̀ ló máa sá lọ. Tí ibẹ̀ bá ti kún, ohun tó bá ṣẹ́ kù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò gbọ́dọ̀ wọ oorun, kò sì gbọ́dọ̀ gun orí iṣẹ́ ọjọ́ kejì. Téèyàn bá di tàná mọ́ tòní, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti máa ń dàrú.

Ìkejì, ẹ yé gé ọjọ́ wẹ́wẹ́. Benjamin Franklin ara Amẹ́ríkà ayé ijọ́hun to ọjọ́ tiẹ̀ sínú ìwé tó kọ nípa ayé ara ẹ̀, ó ń jí láago márùn-ún, ó ń sùn láago mẹ́wàá, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, wákàtí mẹ́rin gbáko ló fi fún iṣẹ́ láàárọ̀, ó tún fi mẹ́rin míì fún un lọ́sàn-án, oúnjẹ alẹ́, orin àti ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú èèyàn wà lójú kan náà nírọ̀lẹ́. Òun fúnra ẹ̀ sọ pé títò nǹkan létòlétò yẹn ló fún òun ní wàhálà jù lọ nínú gbogbo ìwà tóun fẹ́ kọ́, torí iṣẹ́ ẹ̀ ń mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn tó ní àsìkò tiwọn. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ mítìn òjijì yìí ti pẹ́ láyé. Tẹ́ ẹ bá kọ "ìwé, aago márùn-ún sí méje àárọ̀" lódindi, ó sàn ju kẹ́ ẹ gé e sí ọ̀nà mẹ́rin lọ, torí bí àkọ́kọ́ bá ti yẹ̀ àwọn tó kù á yẹ̀.

Ní ti fóònù àti ìwé, ohun tó bá kan ẹlòmíì, mítìn, dókítà, ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ mú, ẹ fi sórí Google Calendar, kàlẹ́ńdà orí fóònù, kó máa dún fún yín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó máa padà wá fúnra ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa máa tún un kọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ lápapọ̀, ẹ fi bírò kọ ọ́ sójú ìwé kan ṣoṣo kẹ́ ẹ lè rí Mọ́ńdè àti Sọ́ńdè lẹ́ẹ̀kan náà, fóònù ò lè fi ìyẹn hàn yín dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́_Alẹ́

Ẹ ṣé sà. Ọ̀la ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí mò ń ṣe sílẹ̀. Màmá Ìbejì, ṣé kí n kọ ti Sátidé àti Sọ́ńdè náà?

Màmá_Ìbejì

Ẹ kọ ọ́ o, Sátidé gan-an ni kẹ́ ẹ má fò. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ó ṣófo, ká tó ṣẹ́jú aṣọ àti ilé gbígbá ti gbà á dé ọ̀sán. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ tán kẹ́ ẹ gbé iye wákàtí tẹ́ ẹ rí wá síbí, ká jọ wo ibi tí ìwé lè wọ̀.