Mo ń wá ẹni tí yóò ṣe mastering àwo orin méjì ní Àkúrẹ́ kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì

Ẹlẹ́kíbọ́ọ̀dù Ọ̀bà-Ilé
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ẹ mọ̀ ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó tí etí rẹ̀ dá ṣáká, tí ó lè ṣe mastering, ìyẹn àtúnṣe ìkẹyìn sí ohùn kí orin tó jáde, sí orin kíbọ́ọ̀dù mi kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì? Orin 18 ni, mo sì ti parí mixing rẹ̀, ìyẹn pípo gbogbo ohùn pọ̀. Ẹni tí mo bá ṣe àdéhùn tẹ́lẹ̀ já mi kulẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́.

Onílù Alágbàkà
Àbúrò, ọ̀rọ̀ rẹ kò tíì pé. Ṣé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ò ń gbé e lọ, àbí o fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí àwo gidi? Orin tí ó bá pariwo jù, Spotify yóò fa ohùn rẹ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bíi -14 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo tó), nítorí náà kò sí èrè nínú kí ènìyàn máa fi agbára ti ohùn sókè. Ti àwo fínílì, àwo gidi tí à ń fi abẹ́rẹ́ gbọ́, tún yàtọ̀ pátápátá. Lọ rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà lọ́nà North Gate FUTA, gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n.

Ohùn Àárọ̀
Kí o tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, jọ̀wọ́ gbọ́ tèmi. Ní ọdún 2019, mo gbé orin 9 lọ sí sítúdíò kan nínú ìlú yìí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí mo rọra tẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ orin kejì, mo sì jẹ́ kí ó máa kú lọ díẹ̀díẹ̀ kí ìlù tó wọlé. Oṣù kan gbáko ni mo fi wá ohùn yẹn. Nígbà tí wọ́n dá a padà fún mi, kọ́ọ̀dù náà ń ké bíi fèrè ọkọ̀ ńlá, nígbà tí ìlù sì wọlé, gbogbo ohùn fún pọ̀ mọ́ra wọn, béèsì ń gbọ̀n bíi páànù tí atẹ́gùn fẹ́ ṣí kúrò lórí ilé. Níbi tí ó yẹ kí ó dákẹ́, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi ni mo ń gbọ́, tí n kò tilẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó wọ inú máíkì. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n ní hard drive ti bàjẹ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí mo ní ni mo kó fún wọn. Ohùn ìyá mi wà nínú orin kẹfà níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì mi. Wọn kò sí láyé mọ́.

Arákàlẹ̀ Òru
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ṣinṣin. Ṣé èyí tí ó wà lẹ́bàá Ọjà Ọba ni? Ẹ sọ ọ́, kí àwọn mìíràn má baà kó sí i.

Ohùn Àárọ̀
Mo ti ní n kò ní dárúkọ. Ẹni tí ó ṣe é ti kúrò níbẹ̀.

Injíníà Ìsinkàn
Mo bá ẹ̀gbọ́n kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbé ẹ̀dà kan ṣoṣo jáde nílé ti fi ẹrù rẹ̀ sórí ewu kí ó tó dé sítúdíò rárá. Ti jẹnẹrétọ̀ náà, ọjọ́ tí wọ́n gba orin sílẹ̀ ni ó ti wọlé. Mastering kàn gbé ohun tí ó fara pamọ́ sókè ni.

Onílù Alágbàkà
Injíníà, kì í ṣe àsìkò yìí ni a ń dá ẹni tí ó pàdánù ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́bi. Oníṣẹ́ tí ó gba ẹrù oníbàárà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dà á kọ síbòmíràn kí ó tó fọwọ́ kàn án.

Injíníà Ìsinkàn
N kò dá wọn lẹ́bi, sà. Mo ń sọ ọ́ nítorí ẹni tí ó béèrè ìmọ̀ràn, tí a ti gbàgbé.

Ìyá Akọrin
Ẹ kú àṣálẹ́ o. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra kíbọ́ọ̀dù àtijọ́, Yamaha DX7 kan wà ní ìjọ wa ní Oǹdó, irú èyí tí ó jáde ní ọdún 1983. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ tí ń tọ́jú àwọn ohùn ni ó kú, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù.

Ẹlẹ́kíbọ́ọ̀dù Ọ̀bà-Ilé
Ẹ ṣeun mà, n kò ra kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ yìí. Ẹ dárí jì mí, ìdààmú ni kò jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwo fínílì méjì nínú àpò kan ni. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 84, mo sì pín in sí ojú àwo mẹ́rin, ìṣẹ́jú 21 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì ni yóò tẹ̀ ẹ́, bí fáìlì kò bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè wa. Ojú kìíní jẹ́ òwúrọ̀ ní Ọjà Ọba, èkejì jẹ́ ọ̀sán, ẹ̀kẹta jẹ́ alẹ́, ẹ̀kẹrin sì jẹ́ ìdájí nígbà tí iná ti lọ, tí ó ku ìró kòkòrò nìkan. Kíbọ́ọ̀dù ni mo fi ṣe gbogbo ìró náà, títí dé ti àwọn kòkòrò. Ohùn èmi àti àbúrò mi obìnrin nìkan ni kì í ṣe ti ẹ̀rọ.

Ọmọ Ẹkìmọgún
Àbúrò mi, mú 9 tí ó dára jù nínú wọn, kí o fi ìyókù pa mọ́ di ọdún tí ń bọ̀. Ta ni ó ráyè jókòó ti orin fún ìṣẹ́jú 84 lóde òní? Ọmọ Oǹdó wa ni King Sunny Adé. Nínú àwọn àwo tí wọ́n ṣe fún Island Records láàrin ọdún 1982 sí 1984, wọ́n mú synthesizer (kíbọ́ọ̀dù tí ń ṣẹ̀dá ohùn) àti ìlù ẹ̀rọ pàdé gángan, síbẹ̀ àwo kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé jáde.

Onílù Alágbàkà
N kò gbà. Àwọn bàbá wa jókòó ti orin jùjú kan ṣoṣo tí ó gba odindi ojú àwo, kò sì sú wọn. William Onyeabor, akọrin oníkíbọ́ọ̀dù, wà ní Enugu níbẹ̀ yẹn, ó ṣe àwo 8 láàrin ọdún 1977 sí 1985, orin rẹ̀ mìíràn sì gùn tó ìṣẹ́jú 10. M83, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Faransé, gbé àwo méjì tí ó ní orin 22 jáde ní ọdún 2011, orin kíbọ́ọ̀dù ni, àwọn ènìyàn sì gbọ́ ọ. Ọjọ́ kan láti òwúrọ̀ dé ìdájí ni ọmọ yìí ń kọ lórin. Apá wo nínú ọjọ́ ni kí ó gé kúrò?

Injíníà Ìsinkàn
Ìṣẹ́jú 21 dára. Bí ojú kan bá ju nǹkan bíi 22 lọ, ohùn gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ kí àwọn ilà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lórí àwo lè gba ara wọn. Rí i dájú pé béèsì tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá wà láàárín, kì í ṣe lápá ọ̀tún tàbí lápá òsì, nítorí pé abẹ́rẹ́ lè fò. Bí àwo bá sì ti ń sún mọ́ àárín, ohùn tó mú ṣáṣá máa ń ṣú, nítorí náà orin tí ó tutù ni kí o fi parí ojú kọ̀ọ̀kan. Èkó ni mo ní kí o gbé e lọ.

Ohùn Àárọ̀
Ibikíbi tí o bá gbé e lọ, da á kọ síbi mẹ́ta kí o tó jáde.

Ẹlẹ́kíbọ́ọ̀dù Ọ̀bà-Ilé
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. N kò lọ sí Èkó, n kò sì lọ sí North Gate. Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ohùn ní ilé-iṣẹ́ rédíò kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Alẹ́ àná ni mo gbé láptọ́ọ̀pù àti sípíkà mi méjèèjì lọ bá wọn. Wọ́n gbọ́ ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsọ ohunkóhun, ọwọ́ wọn wà lórí orúnkún. Nígbà tí ó parí, wọ́n ní kí n padà sí òpin ojú kẹta, wọ́n sì béèrè ìdí tí mo fi fi orin tí ó ń dán jù síbẹ̀. Mo ti gbé e wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Wọn kò fọwọ́ kan kòkòrò ìdájí rárá. A ó parí rẹ̀ lóru òní. Ẹ̀gbọ́n Ohùn Àárọ̀, ó wà níbi mẹ́ta.