Ọmọ tí à ń kọ́ nílé: báwo la ṣe ń fi iṣẹ́ ilé àti ọjà kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run láìsọ gbogbo rẹ̀ di ìwàásù?

Ìyá Tómi, Ọbáńtokò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òbí. Ilé la ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ọmọ ọdún mẹ́rin, ọdún méje àti ọdún mọ́kànlá. Àdúrà òwúrọ̀ wa máa ń gùn. Kí a tó dé ibi Àmín, àbíkẹ́yìn á ti sùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á sì ti máa wo ojú fèrèsé. Nínú Deutarónómì 6:7, Mósè ní ká máa sọ ọ̀rọ̀ náà nígbà tí a bá jókòó nílé, tí a bá ń rìn lọ́nà, tí a bá dùbúlẹ̀ àti tí a bá dìde. Mo gbà á tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n báwo gan-an ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Bí mo bá ń ro láfún lọ́wọ́, kí ni kí n sọ? Bí a bá wà láàárín ariwo ọjà Kútọ̀ ńkọ́? Mi ò fẹ́ kí gbogbo ohun tí ọmọ bá fọwọ́ kàn di ìwàásù, torí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la ni mò ń béèrè, kì í ṣe "ẹ máa gbàdúrà sí i".

Olùkọ́ Ìbarà

Ìyá Tómi, ẹ kú iṣẹ́ òbí. Àdúrà òwúrọ̀ ni ká kọ́kọ́ gé kúrú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó: orin kan, ẹsẹ mẹ́fà sí mẹ́wàá, ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ọmọ kan sì gbàdúrà ní gbólóhùn méjì. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò lè jókòó jẹ́ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má sì kà á sí oríkunkun.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹsẹ kan fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ òbí ló máa ń yí ẹsẹ lójoojúmọ́, ọmọ á gbọ́ méje, kò ní rántí ọ̀kan. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́sẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wá ẹsẹ tó bá a mu. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá jẹ́ ti ọjà, Òwe 11:1. Bó bá jẹ́ ti ọgbà, Máàkù 4:26 sí 28. Bó bá jẹ́ ti èèrà tó kó sínú ṣúgà (kò sí ilé tí kì í ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀), Òwe 6:6 sí 8. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí kádíbọ́ọ̀dù, kí ẹ gbé e kọ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Lọ́jọ́ Ajé kí wọ́n kà á tán. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí ẹ fi ìwé pélébé bo ọ̀rọ̀ méjì. Lójoojúmọ́ kí ẹ máa bo púpọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ Ẹtì, ìwé nìkan ló kù lójú kádíbọ́ọ̀dù. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àbíkẹ́yìn.

Ohun tó ń sọ ọ́ di ìwàásù ni pé òbí máa ń sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó fọwọ́ kan nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú iṣẹ́ ná, kí ẹ wá béèrè ìbéèrè kan, kí ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ lè ka ẹsẹ náà lẹ́ẹ̀kan, kí iṣẹ́ sì máa lọ. Bí ó bá ti di ìpínrọ̀ méjì, ẹ ti pọ̀ jù.

Ìyá Aláte, Kútọ̀

Ọjà gan-an ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, Ìyá Tómi, ariwo náà kò dí i lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n to kóńgò fún yín, torí ìṣirò àti Bíbélì jọ wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá kóńgò méjì tí ìdí wọn kò rí bákan náà. Ẹ ó rí èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, ẹ ó sì rí èyí tí wọ́n ti lù wọnú. Ẹ fún ọmọ ọdún méje ní agolo mílíìkì òfìfo àti garawa omi kan. Kó máa fi agolo bu omi sí kóńgò àkọ́kọ́, kó máa kà á títí omi yóò fi dé etí gẹ́lẹ́. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ sí èkejì. Kó kọ iye méjèèjì sílẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni yóò ṣe ìyókù: ká ní èyí tó dára gba agolo mẹ́wàá, tí èyí tí wọ́n lù gba mẹ́sàn-án, kóńgò mélòó ni èèyàn máa rà kí odindi kóńgò kan tó sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́? Á rí i pé mẹ́wàá ni. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ka Òwe 11:1, pé òṣùwọ̀n èké, ìríra ni lọ́dọ̀ Olúwa. Ẹ kò ní láti ṣàlàyé ohunkóhun.

Àṣìṣe kan wà níbẹ̀ o. Bí ọmọ bá ti mọ èyí, á fẹ́ máa na ìka sí ìdí kóńgò àwọn ìyá lọ́jà. Ẹ kìlọ̀ fún un kí ẹ tó kúrò nílé: a kì í pe àgbà lólè. Bí òṣùwọ̀n ẹnì kan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kí i, ẹ kọjá lọ síwájú. Kí ẹ sì bi ọmọ náà pé, "Bí ìwọ bá ń tà, irú èwo ni wàá lò?" Ara rẹ̀ ni kó fi ẹsẹ náà wò.

Èkejì ni Lúùkù 6:38. Ọmọ ń ka "àkìmọ́lẹ̀, àmìpọ̀, àkúnwọ́sílẹ̀" lákọ́sórí, kò mọ ohun tó jẹ́. Ẹ rọ ìrẹsì kún ife, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Kí ọmọ gbá ìdí ife náà mọ́lẹ̀ lórí tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Á rí i pé ìrẹsì ti rọlẹ̀, torí àlàfo tó wà láàárín hóró ti dín kù. Kó tún bù sí i, kó fi ọwọ́ kì í mọ́lẹ̀, kó tún bù sí i títí tí yóò fi máa dà sílẹ̀. Ẹ fi sòsé sábẹ́ ife. Kó wọn gbogbo rẹ̀ padà kó lè rí ohun tó lé sí i. Ẹ má fi gààrí ṣe é, ó máa ń kúnná bí ẹ bá ń kì í, iye rẹ̀ kò ní bára mu. Ìrẹsì tàbí ẹ̀wà ló dára. Kí ẹ wá rán ọmọ náà pé kó gbé ife àkúnwọ́sílẹ̀ yẹn lọ fún aládùúgbò kan. Bí ẹ bá dà á padà sínú àpò ìrẹsì yín, ẹ̀kọ́ ìṣirò nìkan lẹ ṣe.

Ti ṣénjì: kí ọmọ máa ka ṣénjì níwájú ìsọ̀ kí ẹ tó kúrò, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá délé. Bí ó bá lé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá a padà, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ má yìn ín ní àyìnjù lójú gbogbo èèyàn. Ọmọ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún torí òtítọ́ á máa wá ibi tí wọ́n ti máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ sì ṣọ́ra nínú bọ́ọ̀sì. Òbí tó ní kí ọmọ ọdún méje sọ fún kọ̀ńdọ́ pé ọdún mẹ́rin lòun, kí wọ́n má bàa san owó rẹ̀, ti fi gbólóhùn kan nu gbogbo kádíbọ́ọ̀dù ọ̀sẹ̀ yẹn nù.

Bàbá Àgbà, Aké

Ẹ kú àpérò. Mo gbọ́ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì sọ, ó dára, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà nìkan ló yẹ kó máa yan ẹ̀kọ́ fún wa. Ọdún kan lè kọjá tí ẹnì kankan kò fi kan àjíǹde tàbí Òfin Mẹ́wàá, torí pé kò bọ́ sí ọ̀rọ̀ ọjà. Ẹ̀kọ́ tó ní ètò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Òwe ní orí 31: kí ọmọ ọdún mọ́kànlá ka orí tó bá ọjọ́ inú oṣù mu. Ọmọ ọdún méje lè mọ orúkọ ìwé Bíbélì, 39 nínú Májẹ̀mú Láéláé àti 27 nínú Májẹ̀mú Tuntun, ní mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Kí wọ́n sì máa ṣe kátíkísímù ìjọ yín díẹ̀díẹ̀.

Ní ti "nígbà tí ìwọ bá ń rìn lọ́nà", Abẹ́òkúta lẹ ń gbé, ẹ má wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ wá okùn tó gùn ju mítà méjì lọ díẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún ọdún kan. Ìbẹ̀rẹ̀ okùn ni 1821, ọdún tí wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn. Ẹ so kókó sí sẹ̀ǹtímítà 22: 1843, Henry Townsend, míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì, wọ Abẹ́òkúta. Sí 25: 1846, Àjàyí tó ti di Samuel Crowther dé ibí, ó sì bá ìyá rẹ̀, Àfàlá, pàdé. Sí 27: 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó di Hánà. Sí 38: 1859, Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní "Ìwé Ìròyìn" ní ìlú yìí. Sí 63: 1884, odindi Bíbélì jáde ní Yorùbá. Tó bá di mítà méjì gééré, 2021 nìyẹn. Kí ọmọ wá so kókó tirẹ̀ sí ọdún tí wọ́n bí i.

Kí ẹ mú okùn náà dání lọ sí Kàtídírà Pétérù Mímọ́ ní Aké. Kí wọ́n fi ìka wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ okùn dé kókó 25, kí ẹ bi wọ́n léèrè bí ọdún tí ìyá yẹn kò fi rí ọmọ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ dákẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ á bi yín ní ìbéèrè fúnra wọn.

Ìyá Tómi, Ọbáńtokò

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Ẹ̀yin Ìyá Aláte, kóńgò la fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìbéèrè kan ṣì kù: àwọn méjì tó dàgbà ń jà lórí gbogbo nǹkan, láti orí ṣíbí dé orí fóònù. Ṣé kí n máa ka Éfésù 6:1 sí wọn létí lójú ẹsẹ̀?

Olùkọ́ Ìbarà

Rárá o. Ẹ má fi Bíbélì ṣe pàṣán. Ọmọ tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ṣẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ ẹsẹ, ojú ìjìyà ló máa fi wo ìwé náà tó bá dàgbà.

Ẹ yà wọ́n, kí oníkálukú mu omi, kí ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ẹ wá pè wọ́n. Kí oníkálukú sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, kì í ṣe ti èkejì. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "òun ló kọ́kọ́…", ẹ ní kó tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ kí ẹni tó bà á jẹ́ tún un ṣe tàbí kó dá a padà. Kó wá sọ pé, "Mo gba ṣíbí lọ́wọ́ ẹ, kò dára, jọ̀ọ́ foríjì mí." Kí èkejì dáhùn pé, "Mo foríjì ẹ́." Ẹ má gba "kò burú" lẹ́nu rẹ̀, torí ó burú, ìdí nìyẹn tí a fi ń foríjì. Bí ọ̀kan kò bá tíì ṣe tán, ẹ má fipá mú un. Éfésù 4:26 fún yín ní gbèdéke: kí oòrùn má wọ̀ bá ìbínú yín. Ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ẹ tún pè é.

Bí ẹ̀yin bá pariwo mọ́ wọn láìtọ́, gbólóhùn kan náà ni kí ẹ lò fún wọn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àgbà kì í bẹ ọmọdé. Mi ò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n láti ara ta ni ọmọ yóò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì?

Ìyá Ewédú, Odẹ̀dá

Ẹ̀yin ò tíì kan ọgbà. Kóró ewédú ni kí ẹ lò, ó yá ju àgbàdo lọ. Awọ rẹ̀ le, bí ẹ bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló máa hù. Ẹ dì í sínú aṣọ pẹlẹbẹ, kí ẹ̀yin àgbà rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó kúrò lórí iná, ẹ ka ení títí dé ẹ̀wá, ẹ yọ ọ́, ẹ bọ̀ ọ́ sómi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ, torí ó kéré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú kan ni gbogbo rẹ̀ á dà sí. Ẹ fi erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Bí ó bá jìn, kò ní hù. Kẹ́tùlù olójú wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi bomi rin ín, àwo máa ń gbá a lọ. Ẹ sì dí adìyẹ lọ́nà.

Ẹ gbin poro méjì: ọ̀kan tí ẹ fi omi gbígbóná ṣe, ọ̀kan tí ẹ kò ṣe. Kí ọmọ máa ya àwòrán rẹ̀ lárààárọ̀. Ẹ má ka Máàkù 4 kí ó tó hù. Òwúrọ̀ tí wọ́n bá sáré wọlé pé "ó ti hù!" ni kí ẹ kà á, pé ọkùnrin náà sùn, ó sì dìde, irúgbìn sì ń hù, kò mọ bó ṣe rí. Tí ẹ bá ń já a, ẹ fi eteetí kan sílẹ̀ fún ẹlòmíì, bí Léfítíkù 19:9 ṣe wí. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn yan ẹni náà.

Ìyá Tómi, Ọbáńtokò

Bí a bá wá gbàdúrà sí i, tí kò hù ńkọ́? Èyí tó jẹ́ ọdún mọ́kànlá á bi mí.

Ìyá Ewédú, Odẹ̀dá

Á bi yín dandan. Ẹ má sọ fún un pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Ẹ jọ hú ilẹ̀ náà wò: ṣé ó jẹrà ni, ṣé èèrà kó o ni, àbí ó jìn jù? Ẹ to kóró mẹ́wàá látinú èyí tó kù sórí aṣọ tútù, ẹ bò ó, ẹ má jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ márùn-ún. Bí kò bá ju méjì tàbí mẹ́ta tó yọ ẹnu, kóró ti gbó jù nìyẹn, ẹ ra òmíràn. Kọ́ríńtì Kìíní 3:6 pín iṣẹ́ náà: ẹnì kan gbìn, ẹnì kan bomi rin, Ọlọ́run ló ń mú un dàgbà. Ẹ kọ́kọ́ yẹ apá tiwa wò. Bí apá tiwa bá pé, tí kò sì hù, ẹ sọ fún un pé ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un gbìn ní poro mìíràn, ẹ má lo ojú kan náà bí èèrà bá wà níbẹ̀.