Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ọ́díṣọ̀n fún eré tuntun márùn-ún tí òǹkọ̀wé ṣì ń tún kọ lọ́wọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ọmọ Lágere:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ojúgbà mi. Èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó yíyan òṣèré fún àjọ̀dún eré tuntun kan níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Eré márùn-ún ni, kò sí èyí tó tíì parí nínú wọn. Àwọn òǹkọ̀wé á máa tún wọn kọ títí di ọjọ́ tí a máa kà wọ́n síwájú èrò. Kíkà ni: sìkíríìpù á wà lọ́wọ́ òṣèré, kò sí aṣọ eré, kò sí àgbékalẹ̀ ìtàgé. Mẹ́ta jẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀kan jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan jẹ́ ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà. Ẹ̀dá ìtàn inú wọn jẹ́ 23, owó tó wà nílẹ̀ kò sì ju ti òṣèré 12 lọ. Ènìyàn 60 ló ti forúkọ sílẹ̀.

Ṣé kí n ní kí wọ́n há ọ̀rọ̀ sórí wá, bí a ti ń ṣe fún eré tó ti parí? Ìṣẹ́jú mélòó ló tó ẹnì kan? Ṣé ó yẹ kí òǹkọ̀wé jókòó síbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Ìyá Ìtàgé:
Àbúrò, kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àhásórí kúrò níbẹ̀. Ohun tí ẹni tó há ọ̀rọ̀ sórí máa fi hàn ọ́ ni ohun tó ti ń ṣe níwájú dígí nílé. Eré tí wọ́n ń tún kọ máa ń mú ojú ìwé tuntun wá láàárọ̀ ọjọ́ rìhásà, òṣèré ò rí i rí, ó sì gbọ́dọ̀ kà á kó yé gbogbo ẹni tó jókòó. Ẹni tó lè yí padà lo ń wá, yálà ó ti gbówọ́ tàbí kò tíì gbówọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ mẹ́jọ tó wọn. Ìkíni àti fọ́ọ̀mù, ìṣẹ́jú kan. Kíkà àkọ́kọ́, méjì. Má sọ ju ẹni tí ẹ̀dá ìtàn náà jẹ́ àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lọ. Ìṣẹ́jú kan fún ìtọ́ni, ẹyọ kan ṣoṣo. “Fi ìmọ̀lára sí i” kì í ṣe ìtọ́ni. Sọ ohun tó ṣeé ṣe fún un: “O mọ̀ pé irọ́ ló ń pa fún ọ, ṣùgbọ́n o ò fẹ́ kó mọ̀ pé o ti mọ̀.” Kíkà kejì, ìṣẹ́jú méjì. Bí kíkà kejì bá rí gẹ́lẹ́ bí ti àkọ́kọ́, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó, ìyà ni yóò fi jẹ òǹkọ̀wé. Bí kíkà kejì bá burú ju ti àkọ́kọ́ ṣùgbọ́n tó yàtọ̀, tí o sì rí i pé ìtọ́ni yẹn ló ń gbìyànjú láti ṣe, pè é padà. Ìṣẹ́jú méjì tó kù, ẹ fi kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ kí ẹlòmíràn tó wọlé.

Ènìyàn mẹ́fà ní wákàtí kan: ìyẹn gba ìṣẹ́jú 48, méjìlá tó ṣẹ́kù á gba àwọn tó pẹ́ dé àti iná tó bá lọ. 60 á jẹ́ wákàtí mẹ́wàá. Pín in sí ọjọ́ méjì, wákàtí márùn-ún márùn-ún. Bí o bá kó gbogbo wọn sí ọjọ́ kan, tó bá fi máa di ọ̀sán etí yín á ti kún, àárẹ̀ yín ni àwọn tó kẹ́yìn á sì jìyà rẹ̀.

Ohun kan tún kù: kí adájọ́ kọ̀ọ̀kan kọ máàkì tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ní ilẹ̀ wa, bí àgbà bá ti sọ pé “ọmọ yẹn dáa”, àwọn ọmọdé tó wà nídìí tábìlì kò ní sọ èyí tí wọ́n rí mọ́.

Alámòójútó Ìtàgé:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bébà, torí ibẹ̀ ni ọ́díṣọ̀n ti máa ń dàrú.

Ojú ìwé kan àbọ̀ ni kí ẹ yọ fún ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan. Kí ó jẹ́ ènìyàn méjì péré ló ń sọ̀rọ̀, kí nǹkan sì yí padà láàárín: kí ẹnì kan gbọ́ ohun tí kò mọ̀, tàbí kó kọ ohun tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Ojú ìwé tí ẹnì kan ti ń sunkún láti òkè délẹ̀ kò ní fi nǹkan kan hàn yín ju ẹkún lọ.

Kí ìwọ̀n lẹ́tà jẹ́ 14, kí àlàfo wà láàárín ìlà, kí àmì ohùn pé. Òǹkọ̀wé á fi àmì sí i dáadáa nílé; tí wọ́n bá gbé e dé ibi ìtẹ̀wé, tí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kò ní fọ́ǹtì náà, àmì orí ẹ́ àti ọ́ á fò sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kó di àpótí kékeré. Òṣèré á wá dúró láti rò ó bóyá ọkọ ni àbí ọkọ̀, ẹ̀yin á sì kọ sílẹ̀ pé kò mọ̀wé kà. PDF ni kí ẹ gbé lọ, ẹ má gbé Word lọ. Ẹ tẹ ẹyọ kan, ẹ fi ìka tọ ìlà rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, kí ẹ tó tẹ ìyókù.

Ẹ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà ẹ̀dà sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ òǹkọ̀wé kó má fọwọ́ kan àwọn ojú ìwé ọ́díṣọ̀n títí ọjọ́ méjèèjì á fi parí. Bí àwọn tọjọ́ kejì bá ka ẹ̀dà mìíràn, kò sí bí ẹ ó ṣe fi wọ́n wé àwọn tọjọ́ kìíní. Ẹ gba gbogbo bébà padà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ má sì gba fídíò láàyè. Eré tí kò tíì parí kò gbọ́dọ̀ dé orí WhatsApp.

Ẹni kan náà ni kó máa ka ipa kejì láti dá gbogbo òṣèré lóhùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Kó má jẹ́ olùdarí, torí ẹni tó ń kàwé kò lè máa wo ojú òṣèré. Kó má jẹ́ ẹni tó fẹ́ ipa kankan nínú eré náà. Kó kà á ketekete, kó má bá wọn díje. Ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì yín, kí ojú òṣèré lè kọ sí yín.

Ní ti ibi tí ẹ máa lò, Oduduwa Hall, gbọ̀ngàn ńlá yunifásítì, tóbi jù fún un, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Yàrá ìkàwé kan tó. Ẹ wo òrùlé rẹ̀: bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ọ́díṣọ̀n dúró nìyẹn. Kí jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ilé, kó jìnnà sí fèrèsé.

Òǹkọ̀wé Ìjẹ̀ṣà:
Kí òǹkọ̀wé wá, kó jókòó sẹ́yìn olùdarí, kó má bá òṣèré sọ̀rọ̀ rárá. Bí ẹni méjì bá ń tọ́ òṣèré, kò ní mọ ti ta ni kí òun ṣe. Iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni kó máa fi pẹ́ńsù fàlà sí ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọsẹ̀ lórí gbólóhùn kan, ó lè jẹ́ ẹ̀bi tirẹ̀. Bí mẹ́rin tó mọ̀wé kà dáadáa bá kọsẹ̀ níbì kan náà, gbólóhùn yẹn ló wúwo jù fún ẹnu, tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀dá ìtàn kò nídìí tó fi ń sọ ọ́. Èyí nìkan tó mú òǹkọ̀wé jáde nílé.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú irú iṣẹ́ yìí ni òṣèré tó ń bá òǹkọ̀wé tún eré ṣe lójú agbo. Láti ayé alárìnjó, àwọn òṣèré tó ń ti ìlú dé ìlú, títí kan ọ̀dọ̀ Hubert Ogunde, òṣèré wa ní àyè láti máa hun ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara rẹ̀ lórí ìtàgé, ẹ̀bùn ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti ń gbọ́ eré tuntun kó lè dàgbà, ewu ni. Òṣèré á rí ihò nínú ìran, á fi òwe méjì dí i, èrò á rẹ́rìn-ín, òǹkọ̀wé á sì gbà pé ìran náà ti jinná. Ihò náà ṣì wà nínú ìwé. Ní kíkà kejì, ẹ sọ fún un tààrà: “Ohun tó wà nínú ìwé nìkan, kó má lé, kó má dín.” Bó bá ṣì ń fi “àbí”, “ṣé o gbọ́” àti òwe kún un, ẹ bi í ní ìdí rẹ̀. Bó bá lè dáhùn pé “ibí yìí ṣófo, mi ò mọ ohun tó mú mi dákẹ́”, ẹ gbá a mú, ó rí ihò náà ó sì lè sọ ọ́ jáde. Bí kò bá tiẹ̀ mọ̀ pé òun fi nǹkan kún un, ẹ fi í pamọ́ de eré tó ti parí.

Ní ti Ìjẹ̀ṣà, ẹ má fi “mo gbọ́ ọ” yan ẹnikẹ́ni. Ẹ fún wọn ní ojú ìwé tí inú ti ń bí ẹ̀dá ìtàn, tí ọ̀rọ̀ ti ń yára. Ẹni tó kàn kọ́ ọ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ulé”, bí Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilé. Tí ìbínú bá dé orí, á ti padà sí “ilé” láìmọ̀. Iléṣà sí Ifẹ̀ tó ọgbọ̀n kìlómítà, ẹ má fi àwọn tó ń bọ̀ láti ibẹ̀ sí agogo mẹ́jọ àárọ̀.

Ọmọ Lágere:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Ó ku ibì kan. Bàbá àgbà méjì àti ìyá àgbà kan wà nínú àwọn eré yìí, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀.

Bàbá Àrùbídì:
Ọmọ mi, inú ọgbà yunifásítì nìkan lo polongo sí. Nígbà tí òǹkọ̀wé eré Ola Rotimi ń darí ẹgbẹ́ òṣèré Orí Olókun ní 1968, àárín ìlú ni ibùdó wọn wà. Jáde sí ìlú. Wá àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ eré ìjọ, àwọn apohùn. Má fi líǹkì ránṣẹ́ sí wọn, lọ bá wọn nílé, kí o sì ṣàlàyé pé wọn kò ní há nǹkan kan sórí. Ìyẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ àgbà sá.

Tẹ ti àwọn àgbà ní ìwọ̀n lẹ́tà 18, kí o sì fún wọn ní ojú ìwé náà ní ọjọ́ kan ṣáájú. Rán wọn létí awò ojú. Fún wọn ní àga, kí wọ́n má tò sórí ìlà. Bí ẹnì kan bá ní ohùn àti òye ṣùgbọ́n tí ìwé kíkà rẹ̀ kò yá, má jù ú nù. Nínú eré márùn-ún yẹn, fi í sí èyí tí àtúnkọ rẹ̀ kéré jù, kí o gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí fóònù fún un kó máa gbọ́.

Aláṣọ Eré:
Mo fẹ́ ta ko Ìyá Ìtàgé díẹ̀, ẹ má bínú, mà. Bí ẹ bá fún òṣèré ní bébà tó sì ní láti kà á lójú ẹsẹ̀, àwọn tó lọ ilé-ẹ̀kọ́ eré nìkan lẹ máa rí mú. Ẹ fún gbogbo wọn ní ogún ìṣẹ́jú níta pẹ̀lú ojú ìwé náà. Ẹni tí kò bá rí ìtumọ̀ rẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú kò ní rí i lọ́jọ́ rìhásà.

Ẹ má gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe é ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ẹ má ṣe é lálẹ́, kí ẹni mẹ́ta ó kéré tán wà nínú yàrá, obìnrin kan nínú wọn. Kí owó wà lórí fọ́ọ̀mù: iye owó ọkọ̀, oúnjẹ, iye ọjọ́ rìhásà. Ẹni tí kò mọ iye tó ń bọ̀ á sá lọ síbi fíìmù lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ ìdánwò wọn níbẹ̀ náà.

Ìyá Ìtàgé:
Mo gbà ọ́ lórí ogún ìṣẹ́jú. Kó má kàn di pé wọ́n gbé e sùn mọ́jú, yàtọ̀ sí ti àwọn àgbà tí Bàbá wí.

Ọmọ Lágere, lórí 23 fún ènìyàn 12: má jẹ́ kí olùdarí kọ̀ọ̀kan yan tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí márààrún jókòó pọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kejì, orúkọ òṣèré kọ̀ọ̀kan lórí káàdì kan, ẹ tẹ́ wọn sórí tábìlì. Kí ẹnikẹ́ni má wà nínú ju eré méjì lọ, kí eré méjèèjì má bọ́ sí ọjọ́ kan náà, torí ojú ìwé tuntun méjì ní àárọ̀ kan á da orí rẹ̀ rú. 12 lọ́nà méjì jẹ́ 24, àyè kan péré ló ṣẹ́kù, ó ti fún jù. Ẹ wá ipa kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹnì kan lè kà pọ̀ nínú eré kan náà, bíi òjíṣẹ́ àti aládùúgbò, tí wọn kò jọ pàdé nínú ìran kankan.

Alámòójútó Ìtàgé:
Kí ẹ yan adípò méjì pẹ̀lú, ẹni tó máa rọ́pò òṣèré tí kò bá lè wá, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí ẹ máa san owó ọkọ̀ wọn láti ọjọ́ rìhásà àkọ́kọ́. Ẹ sọ ọjọ́ tí èsì á jáde fún gbogbo ẹni 60 kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tí ẹ mú, kí wọ́n gbà tán, kí ẹ tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Méjì tàbí mẹ́ta máa ń kọ̀, inú àwọn yòókù yẹn náà ni ẹ ó ti padà mú ẹlòmíràn.