Àtúndá ni, kì í ṣe àtúndà

Okun o, gbogbo ilé. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa fi síbí lánàá, pé "ẹ̀tọ́ àtúndà" ni ká máa pe ẹ̀tọ́ láti mú orin tàbí ìwé ẹlòmíì ká fi ṣe nǹkan tuntun. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, àmì ohùn ìsàlẹ̀ tẹ́ ẹ fi sórí "dà" yẹn ò jẹ́ kí n sùn.

Tá a bá da omi kúrò nínú kèrègbè sínú ìkòkò, omi yẹn náà ni. Bí mo ṣe gbọ́ "àdàkọ" nìyẹn, àti "ẹ̀dà" pẹ̀lú, ohun kan náà ló bọ́ síbòmíì. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú orin, tó fi ìlù míì sí i, tó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, kò da nǹkan kan. Dídá là ń dá orin! Ní Ìyàrá, ní Kogi níbí, nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá ìyá mi á kúnlẹ̀ ti ọlọ, á dá orin, àwọn obìnrin agboolé á máa gbè é, kí ata tó kúnná ẹnìkan á ti gbà á lẹ́nu ẹ̀ á ti ki orúkọ ìyàwó tuntun bọ̀ ọ́, inú ìyá àgbà á dùn débi pé á dá ọwọ́ dúró lórí ọlọ.

Ẹ máa ní "àyípadà" ńkọ́. Òótọ́ ni, dà wà níbẹ̀. Àmọ́ ohun tó bá yí padà, ti tẹ́lẹ̀ ò sí mọ́, orin tá a tún dá, ti àkọ́kọ́ ṣì wà láàyè ara ẹ̀. Ẹni tó sì dábàá "àtúnṣe", ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe, ṣé orin ẹlẹ́ni ti bàjẹ́ ni?

Òfin Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (copyright) pàápàá yà wọ́n sọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n pè ní ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023, ṣíṣe ẹ̀dà wà lọ́tọ̀, títún dá wà lọ́tọ̀, ẹni tó kọ orin tàbí ìwé ló ni méjèèjì títí 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀. Ó wá fàyè sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà ṣẹ̀fẹ̀ tàbí fi bú ìwà ìbàjẹ́, tó bá ti ṣe é níwọ̀n. Tá a bá fi dà kan ṣoṣo pe gbogbo ẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún olórin ní Kàbà?

 

Ẹ̀gbọ́n, ohun tó ń dùn mí nìyí. Ọmọ àbúrò mi gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀ sórí fóònù ní Mọ̀pà, ó fi bíìtì sí i, ó kọ "àtúndà" sábẹ́ ẹ̀ torí pé ọ̀dọ̀ yín ló ti rí i. Mo ní kó kọ́kọ́ padà lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá yẹn, kó tó gbé e síta, kó sì gbé àmì yẹn sókè.