Ọkọ mi kì í rí jàǹbá lọ́nà kí wọ́n kọjá: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tóbi

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọkọ mi ń ta pààtì mọ́tò ní Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ kó ọjà ní Ládípọ̀, torí náà ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti dà bíi yàrá àti pálọ̀ fún wọn. Kò sí ìgbà tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ lójú wọn tí wọn ò ní dúró. Mo ti fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára àga ọkọ̀ yẹn tó ẹ̀ẹ̀mẹta.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ní nǹkan bí aago méje alẹ́, nítòsí Ògèrè, ọkọ̀ kan gbá ọlọ́kadà, ó sì sá lọ. Bàbá Tóbi dúró. Àwọn àti ọmọkùnrin kan tó ń ta búrẹ́dì létí ọ̀nà ló jọ gbé ọkùnrin náà sínú ọkọ̀. Ọsibítù àkọ́kọ́ ní àwọn ò lè gbà á láìsí ìwé ọlọ́pàá. Ìkejì gbà á, àmọ́ ẹni tó gbé e wá ni yóò dá owó sílẹ̀. Ọkọ mi dá a. Ibi tí wọ́n ti ń dúró de àwọn ẹbí ọlọ́kadà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn yẹn ṣe dé, "Ìwọ lo gbá a" ni wọ́n fi kí wọn. Ọlọ́pàá dé. Àgọ́ ọlọ́pàá ni bàbá Tóbi sùn mọ́jú, ọkọ̀ sì lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Béèlì tí wọ́n kọ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni, ẹ bi mí ní iye tí mo san.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọlọ́kadà yẹn lajú lọ́jọ́ kẹta, ó ní Sienna ọkọ mi kọ́ ló gbá òun, Hilux funfun ni. Tí kò bá lajú ńkọ́?

Mo ní kí wọ́n jáwọ́. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn kú lójú ọ̀nà yẹn ní 1998, pé ìyá tó ń ta ọsàn níbẹ̀ sọ fún àwọn pé ó pẹ́ gan-an kó tó dákẹ́, ọkọ̀ kàn ń kọjá ni. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi fèsì ìyẹn. Ọmọ mẹ́ta la bí, èyí àbígbẹ̀yìn ṣì ń mu ọmú. Ṣé ìkà ni mí ni?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá

O ò kì í ṣe ìkà. Igúnnugún ṣoore, ó pá lórí. Àkàlàmàgbò ṣoore, ó yọ gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn. Nítorí ọjọ́ mìíràn, kí ẹni má ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ mọ́. Opó ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé òkú wálé, àwọn tó ń pè wọ́n ní èèyàn rere ò ní bá ẹ san owó ilé ìwé Tóbi. Tó bá le tó bẹ́ẹ̀, gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Bàbá Ṣadé

Ìyá Ìbejì, kí Ọlọ́run máa dúró tì yín. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe tí ẹ pa yẹn gbọ́ dáadáa. Wọ́n ní ká má ṣe irú oore BẸ́Ẹ̀ mọ́. Wọn ò ní ká má ṣoore mọ́. Bí igúnnugún ṣe gbé tirẹ̀ gbà ni àwọn àgbà ń bá wí.

Mo bá Road Safety ṣiṣẹ́ láti 1988 tí wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága wa àkọ́kọ́, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tó ń pa onírànlọ́wọ́ lójú títì, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe jàǹbá tó torí rẹ̀ dúró. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Mo ti rí ibi tí èèyàn mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń fa ẹnì kan jáde, tirela kan wá gbá gbogbo wọn pọ̀ nítorí pé kò rí iná kankan.

Ìyá Tóbi, bi ọkọ rẹ: níbo ló máa ń páàkì sí? Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó dànù, a jẹ́ pé ó ti fi ara rẹ̀ ṣe bọ́ńpà fún àwọn tó ń bọ̀. Kó kọjá ibẹ̀ dáadáa, kó bọ́ sínú koríko, kó tan iná tó ń ṣẹ́jú kó tó sọ̀kalẹ̀. Kó pe 122, ti Road Safety nìyẹn, tàbí 112, kó tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn, kò ní rántí fóònù mọ́. Lẹ́yìn náà ni C-caution, àmì pupa onígun mẹ́ta yẹn, tàbí ẹ̀ka igi tó léwé, kó gbé e jìnnà sẹ́yìn jàǹbá náà. Mi ò sọ ìṣísẹ̀ mẹ́wàá o! Tirela tó ru sìmẹ́ǹtì kì í dúró lójijì. Etí koríko ni kó gbà lọ, kó sì kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Tó bá jẹ́ tánkà epo ló ṣubú, kó má sún mọ́ ọn rárá, bí iná ò tilẹ̀ tíì sọ. Ẹni tó ń ké pé ọrùn tàbí ẹ̀yìn ń dun òun, tí iná ò sì sí nítòsí, kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà títí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe yóò fi dé. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé ẹni tó fà wọ́n jáde tagbáratagbára ló sọ wọ́n di arọ. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń tú, kó fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra gírígírí, kó sì ki ọwọ́ bọ nylon tí kò bá ní ìbọ̀wọ́. Kó má fún un lómi mu.

Nọ́ọ̀sì Bísí

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ti ọsibítù lèmi fẹ́ sọ. Ohun tí èyí àkọ́kọ́ yẹn ṣe lòdì sófin. Abala 20 nínú òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 ní ilé ìwòsàn kankan ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, nítorí ohunkóhun. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ti ọta ìbọn tún ní òfin tirẹ̀, ti 2017: pẹ̀lú ìwé ọlọ́pàá tàbí láìsí ìwé ọlọ́pàá, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Ọsibítù ni yóò lọ sọ fún ọlọ́pàá, láàárín wákàtí méjì. Òfin yẹn kan náà sọ pé ẹni tó gbé e wá, ọ̀wọ̀ ni kí wọ́n fi gbà á, kí wọ́n má da ìbéèrè tí kò nídìí tó ń dójú tini bò ó.

Mi ò ní purọ́ fún yín ṣá. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n lẹ òfin yìí mọ́ ògiri, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń béèrè owó. Nítorí náà kí bàbá Tóbi ṣe báyìí: kó tó gbé èèyàn, kó ya fọ́tò ibẹ̀, kó sì ya iwájú ọkọ̀ tirẹ̀ tí kò há, tí kò fọ́. Ọmọ tó ń ta búrẹ́dì yẹn, ó yẹ kó gba nọ́ńbà rẹ̀, tàbí kó bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ lé e. Tó bá dé ọsibítù, kó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé "ẹni tó ń kọjá lọ ló gbé e wá", kí wọ́n kọ aago sí i. Ìlà kan yẹn ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀ níṣojú mi.

Ṣẹ́gun

Kó dúró ya fọ́tò nígbà tí èèyàn ń kú lọ? Àwọn tó ń ya fídíò yẹn náà la ń bú lójoojúmọ́.

Nọ́ọ̀sì Bísí

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ni, Ṣẹ́gun. Orí yéye ní mògún, ti àìṣẹ̀ ló pọ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, mi ò kọ́kọ́ fẹ́ dá sí i.

Wọ́n fẹ́ fọ kànga ní ilé kejì sí tiwa. Wọ́n sọ jẹnẹrétọ̀ kékeré kan kalẹ̀ sínú rẹ̀ kó lè fa omi. Nígbà tí omi gbẹ, ọmọ tó fẹ́ fọ̀ ọ́ wọlé. A pè é, kò dáhùn. Ọmọ onílé ní ó ti dákú, ló bá tẹ̀ lé e. Òun náà ò dáhùn. Àbúrò mi ni ìkẹta. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógún ni, kò sí ẹni tó rán an, ohun tó kàn wí ni "ẹ di okùn mú". Okùn náà kò sì sí lára rẹ̀, ọwọ́ ló fi dì í.

Mo ti bọ́ bàtà. Ìyá àgbà kan láti ojúlé kejì gbá mi mú níbàǹtẹ́, ó jókòó sílẹ̀, ó sì ń pariwo pé tí n bá fẹ́ wọ ibẹ̀, kí n fa òun dání wọlé. Ìyá yẹn ò wúwo, mo lè já. Mi ò já. Àwọn panápaná ló wá gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde.

Ìyá mi ò bi mí rí pé kí ló dé tí mi ò wọlé. Títí dòní, tí mo bá rí ìyá àgbà yẹn, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún un, àmọ́ mi ò tíì lè sọ pé "ẹ ṣeun."

Bàbá Ṣadé

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ìyá yẹn mọ̀ pé o ò lè dúpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbọ́. Èéfín jẹnẹrétọ̀ kì í jáde nínú kànga. Gáàsì tó wà nínú rẹ̀ tó ń pani ò ní òórùn, ojú ò sì rí i. Èémí díẹ̀ ti tó. Àwọn agbẹ́kànga àtijọ́ a máa sọ àtùpà kalẹ̀ wò: tó bá kú, afẹ́fẹ́ ò sí níbẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n àtùpà ò mọ gáàsì jẹnẹrétọ̀, yóò kàn máa jó lọ ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé tẹ̀ lé ẹni tó ti dákú ní kànga tàbí ṣáláńgá. Panápaná ni kí ẹ pè, 112, tàbí 767 tó bá jẹ́ Èkó.

Láńre Peckham

Ní April 2021, níbi London Bridge níhìn-ín, obìnrin kan jábọ́ sínú odò Thames lóru. Ọmọkùnrin kan, ẹni ogún ọdún, ọmọ Yorùbá, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, bẹ́ sómi láti yọ ọ́. Ẹlòmíràn náà bẹ́ sí i. Wọ́n yọ obìnrin náà, wọ́n yọ ẹnì kejì, ọmọ wa ò jáde láàyè. Gbogbo ìlú ló bu ọlá fún un, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ mo ní ọmọkùnrin tí ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí mo sọ fún un nípa odò ni pé kó ju nǹkan sí ẹni tó wà nínú omi: okùn, kẹ́ẹ̀gì òfìfo, òrùka pupa tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́bàá odò. Omi tútù ibí yìí kọ́kọ́ máa ń gba èémí lẹ́nu èèyàn ná, bó mọ̀wẹ̀ bíi ẹja.

Àwọn ará Faransé fi òfin de ẹni tó bá kọjá láìṣèrànwọ́: ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Síbẹ̀ òfin yẹn fúnra rẹ̀ fi kún un pé níbi tí ìrànwọ́ náà ò bá ti léwu fún un ni.

Ṣẹ́gun

Òru ńkọ́? Wọ́n á ní kí ẹnì kan sùn sójú ọ̀nà bí òkú, o bá dúró, àwọn yòókù á jáde látinú igbó.

Bàbá Ṣadé

Tílẹ̀ bá ti ṣú, tó bá dá wà, kó má dúró. Kó pe 122, kó sáré dé ilé epo tàbí ibi tí ọlọ́pàá wà níwájú, kó sọ ibẹ̀ fún wọn.

Ìyá Tóbi

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí lánàá. Wọ́n ń dá mi lóhùn bí mo ṣe ń kà á, títí mo fi dé ibi kànga. Wọ́n dìde, wọ́n bọ́ síta, wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wọlé, ti òru yẹn ni wọ́n bá jà. Wọ́n ní aago méje alẹ́ ni ti Ògèrè. Tí àwọn bá tẹ̀ lé ohun tí Bàbá Ṣadé sọ, ọlọ́kadà yẹn ì bá ti kú. Bàbá, ẹ má bínú, èmi náà ò rí nǹkan sọ sí i. Ibi tí a parí rẹ̀ sí ni pé níbi tí àwọn tó ń ta nǹkan bá wà létí ọ̀nà, wọ́n lè dúró. Tó bá jẹ́ igbó nìkan, wọ́n á pe nọ́ńbà, wọ́n á kọjá. Mo mọ ọkọ mi, mi ò fi gbogbo ara gbà á.

Ti páàkì yẹn, ẹ̀yìn jàǹbá ni wọ́n máa ń páàkì sí lóòótọ́. Mo wá ní kí wọ́n fi C-caution wọn hàn mí. Kò sí! Ọkùnrin tó ń ta pààtì mọ́tò láti ọdún méjìlá! Láàárọ̀ yìí, wọ́n mú méjì nínú ọjà tiwọn, wọ́n jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n sì kọ 122 sí pátákó ọkọ̀ pẹ̀lú bírò pupa.

Ìyàwó ọlọ́kadà gbé iṣu márùn-ún wá lọ́jọ́ Sátidé, ó ń sunkún, ó ní àwọn ẹbí ọkọ òun ló sọ̀rọ̀ yẹn, pé òun ò sí níbẹ̀. Owó béèlì ò padà wá.

Ìyá Ìbejì, wọ́n ní kí n kí yín o. Wọ́n ní àwọn ò ní fún mi ní kọ́kọ́rọ́.