Tíṣà gé irun Dàda ọmọ mi lójú gbogbo àsẹ́ńbìlì. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Dàda, Ìkòròdú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìmọ̀ràn yín, èmi ló kàn lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Dàda ni. Kì í ṣe irun tí a lọ ṣe ní sàlúùn o, bó ṣe wá sáyé ló ṣe ta kókó, orúkọ tó sì wà lórí ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ nìyẹn. Ilé-ìwé aládàáni kékeré kan ní àdúgbò wa ló ti ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò yọ ọ́ lẹ́nu níbẹ̀. Nígbà tí owó ilé-ìwé ò ṣe é san mọ́, a mú un lọ sí ti ìjọba, JSS1. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fún wa pé irun orí ọkùnrin gbọ́dọ̀ kúrú mọ́lẹ̀. Mo lọ bá igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní kó máa dì í sẹ́yìn ná, pé àwọn á jọ wò ó. Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì, tíṣà tó ń mójú tó ìwà ọmọ pè é jáde pẹ̀lú àwọn tí ṣòkòtò wọn fún mọ́ra jù. Ó fi sísọ́ọ̀sì la ẹsẹ̀ ṣòkòtò àwọn yẹn. Nígbà tó kan ọmọ mi, ó gé ìdì irun kan níwájú orí rẹ̀, èyí tí ìyá ọkọ mi so owó ẹyọ mọ́ láti kékeré. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú irun náà nílẹ̀, ó kó o sínú agolo máàtì sẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bá a lálẹ́ nígbà tí mo ń wá bírò, láàárín kọ́ńpáàsì àti rúlà, ẹyọ náà ṣì wà lára rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ sì ti kún ojú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí kò lọ sílé-ìwé. Bílẹ̀ bá ti mọ́, á ní inú ń run òun. Ìyá ọkọ mi tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyókù láìṣe sàrà, pé ara ọmọ ò ní le. Ọkọ mi ní ká mú un lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ lọ́la, kí ọ̀rọ̀ tán. Pásítọ̀ wa náà ní ká gé e. Owó tí a ó fi dá a padà sí aládàáni kò sí. Ẹ má kàn bá mi bú tíṣà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Màmá Ìbejì

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá Dàda. Omi bọ́ lójú mi níbi máàtì sẹ́ẹ̀tì yẹn. Wọ́n ní Dàda ò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tó gbójú. Ẹ jẹ́ ká ṣe àbúrò rẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀dí òfin dà?

Tíṣà Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ, mà. Tíṣà ni mí, ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti wà ní ilé-ìwé girama ìjọba. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe pé mo fẹ́ gbèjà ẹnikẹ́ni.

Òfin irun kíkúrú yẹn ní ìdí. Làpálàpá orí máa ń ràn kárí kíláàsì, pàápàá níbi tí ọmọ mẹ́ta ti ń fún ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì kan. Yàtọ̀ síyẹn, gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ti họlidé dé la máa ń rí irun tí wọ́n pa láró, èyí tí wọ́n lọ́ bíi ti olórin. Àwọn méjì ti wá bá mi rí pé Dàda làwọn. Mo ní kí wọ́n lọ pe ìyá wọn wá, kò sí èyí tó padà sọ ọ́ mọ́. Nítorí náà, tíṣà tó bá rí irun ọmọ yín lókèèrè lè rò pé ọ̀kan nínú wọn ni.

Àmọ́ ìdí nìyẹn tí a fi ń béèrè kí a tó ṣe ohunkóhun! Ọmọ yín ò wá fara pamọ́, ẹ ti lọ sọ fún igbákejì ọ̀gá. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ́ wa pé ká mú sísọ́ọ̀sì ti orí ọmọ ẹni ẹlẹ́ni. Tí mo bá rí ohun tí kò tọ́ lára aṣọ tàbí irun ọmọ, mo máa ń kọ lẹ́tà sí òbí rẹ̀, mo sì máa ń dá ọjọ́ fún wọn. Ṣòkòtò tí wọ́n là yẹn náà dùn mí, torí ó lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tí òbí ọmọ náà rí rà nìyẹn. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀, ẹ má lọ bá tíṣà yẹn. Kí bàbá ọmọ náà tẹ̀ lé yín.

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé

Èmi á sọ tèmi, bó tilẹ̀ máa bí àwọn kan nínú. Irun ọmọ aláwọ̀ dúdú tí a ò bá fi ìyarun kàn fún oṣù mélòó kan á lọ́ pọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ àbúrò mi rí. A gé e nígbà tó pé ọdún kan, nǹkan kan ò ṣe é. Aṣọ kan náà àti irun kan náà ló ń jẹ́ kí ọmọ alákàrà àti ọmọ dókítà jókòó pọ̀ ní ilé-ìwé ìjọba láìsí pé ẹnì kan ń fojú wo ẹnì kan nílẹ̀. Tí ti ọmọ wa bá yàtọ̀ lónìí, ti ẹlòmíràn á yàtọ̀ lọ́la. Ẹ gé e, ìyá Dàda, kí ọmọ yín lè padà síbi ìwé rẹ̀. Ti tíṣà yẹn, ó jẹ̀bi, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn nínú.

Bàbá Ruka

Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, mo gbọ́ yín o. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún àwa náà nìyẹn lórí hìjáàbù, pé aṣọ kan náà ni kí gbogbo ọmọ wọ̀. Lọ́dún 2014, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó dá ìjọba láre. Lọ́dún 2016, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà. Ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ tó parí ọ̀rọ̀: adájọ́ márùn-ún nínú méje ní kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí máa wọ hìjáàbù lọ sílé-ìwé ìjọba l'Ékòó. Wọ́n ń wọ yunifọ́ọ̀mù wọn, wọ́n ń lo hìjáàbù wọn, wọ́n ń kàwé wọn. Ilé-ìwé ò wó.

Ṣùgbọ́n ìyá Dàda, ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ọmọ tó wọ JSS1 lọ́dún 2014 ti jáde SS3 lọ́dún 2020, ẹjọ́ ò tíì parí. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀tọ́ wà fún yín, mo gbà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín jókòó sílé torí ẹjọ́. Àwọn ọmọ tiwa náà kò dúró de kóòtù kí wọ́n tó kàwé. Mo tún rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ n'Ílọrin lọ́dún 2021, tí wọ́n ti ilé-ìwé mẹ́wàá pa lórí hìjáàbù yìí. Àgbà ló ń jà, àwọn ọmọ ló jókòó sílé.

Lọ́yà Bódìjà

Bàbá Ruka ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mà, kóòtù wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín pọ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2004 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ kàwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS3, ìyẹn ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ yín wà láàárín rẹ̀, irun kì í ṣe ìdí láti lé e nílé-ìwé. Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sì sọ pé a ò gbọdọ̀ fi nǹkan du ọmọ Nàìjíríà kankan kìkì nítorí bí wọ́n ṣe bí i. Abala tí èmi á kọ́kọ́ tọ́ka sí nìyẹn, torí Dàda kì í ṣe ohun tí ọmọ yín yàn. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọ láti ọdún 2007, iyì ọmọ sì wà lára ohun tó ń dáàbò bò. Gígé irun ọmọ níwájú èrò, ẹ̀yin náà mọ ibi tó bọ́ sí.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ fi ìwé ọjọ́ ìbí tó ní orúkọ Dàda sínú rẹ̀, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ sí i, ẹ sì gba lẹ́tà kékeré láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti jáde. Ìyẹn á yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí Tíṣà Abẹ́òkúta ń sọ. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó wọ kíláàsì ní kíá, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan orí rẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí ẹ ó jọ jókòó. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Tutor-General, ìyẹn ọ̀gá tó ń darí agbègbè ẹ̀kọ́ yín. Kí ẹni tó gba tilé-ìwé bá yín fọwọ́ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín.

Àlàbá Accra

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Gánà níbí lọ́dún 2021. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó jẹ́ Rásítà, ẹlẹ́sìn tí kì í gé irun, ilé-ìwé Achimota ní àfi kí wọ́n gé irun wọn. Lóṣù karùn-ún ọdún yẹn, ilé-ẹjọ́ gíga Accra ní kí wọ́n gbà wọ́n wọlé pẹ̀lú irun wọn. Ilé-ẹjọ́ Málàwì náà dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Rásítà lọ́dún 2023. Ẹ lè mẹ́nu bà á nínú lẹ́tà yín.

Dàda Àgbà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Dàda sọ̀rọ̀.

Wọ́n gé tèmi nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé-ìwé girama. Òfin kan náà ni. Ìyá bàbá mi ló gé e, lẹ́bàá odò, láàárọ̀ kùtù. Ìkòkò tuntun tí omi àti ewé wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń ju irun náà sí bí wọ́n ṣe ń gé e, àwọn ẹbí ń ju owó sí i. Wọ́n se ẹ̀wà, wọ́n din àkàrà, ìrèké àti guguru wà nílẹ̀, gbogbo ọmọ àdúgbò wá jẹ. Orí mi fúyẹ́ lójijì. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ọwọ́ mi ṣì ń lọ sẹ́yìn ọrùn láti gbé irun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, bí ara mi bá gbóná, omi inú ìkòkò yẹn ni ìyá àgbà fi ń wẹ̀ mí. Bóyá omi náà ló ń wò mí sàn ni o, bóyá ọwọ́ ìyá àgbà ni, èmi ò lè sọ.

Wọ́n gé e, kò sì dùn mí, torí pé lọ́jọ́ náà èmi ni wọ́n ń kì, èmi ni wọ́n ń ṣàdúrà fún. Ọmọ tiyín, ẹ̀rín ni wọ́n fi gé tirẹ̀. Ohun tó ń run ún nínú láàárọ̀ nìyẹn, kì í ṣe irun. Ìyá ọkọ yín ti sọ tiwọn, ọkọ yín ti sọ tirẹ̀, pásítọ̀ náà ti sọ. Ta ló ti bi ọmọ náà?

Ìyá Dàda, Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n Dàda Àgbà, ọ̀rọ̀ yín gún mi lọ́kàn. Lóòótọ́, ẹnì kankan ò bi í. Màá bi í lálẹ́ yìí.

Ìyá Dàda, Ìkòròdú (ọjọ́ kẹfà)

Ẹ kú àdúrótì mi o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo bi í. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Màmi, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà gé e. Kì í ṣe tíṣà." Mo bi í bóyá torí àwọn tó rẹ́rìn-ín ni. Ó ní rárá, ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ kí orí òun fúyẹ́ kóun lè máa gbá bọ́ọ̀lù, pé ẹ̀rù ló ń ba òun láti sọ ọ́ létí ìyá àgbà. Èmi tí mo ti ń ronú bí n ó ṣe jà!

Síbẹ̀ a kọ lẹ́tà náà bí Lọ́yà ṣe wí, torí Dàda mìíràn á wọ ilé-ìwé yẹn lọ́jọ́ iwájú. Èmi àti bàbá rẹ̀ la jọ gbé e lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé ka gbogbo rẹ̀, ó wo fọ́tò ọmọ oṣù márùn-ún náà títí. Ó pe tíṣà wọlé, ó ní kó bẹ̀ wá. Ó bẹ̀ wá. Mo ní kó bẹ ọmọ náà, torí irun ọmọ náà ló gé, kì í ṣe tiwa. Ó ṣe bí ẹni pé kò ní ṣe é, ó wá dìde, ó sọ pé, "Dàda, má bínú sí mi." Ọ̀gá ní kó máa wọ kíláàsì bó ṣe wà títí tí a ó fi ṣètò ilé wa, ó sì ní láti ìsinsìnyí lọ, lẹ́tà ni wọ́n á máa kọ sí òbí, kò ní sí sísọ́ọ̀sì mọ́ ní àsẹ́ńbìlì. A ṣì ń dúró de èsì láti ọ́fíìsì agbègbè ẹ̀kọ́.

Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, Sátidé ni sàrà. Wọ́n bínú díẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé àwọn ni ọmọ náà fẹ́ kí wọ́n gé e, wọ́n ní kí n lọ ra ìkòkò. Ọmọ mi ní ìbéèrè kan tí mi ò lè dáhùn, ẹ̀gbọ́n Dàda Àgbà, ẹ bá mi wò ó: ṣé èyí tó wà nínú máàtì sẹ́ẹ̀tì lè bá àwọn tó kù wọ ìkòkò náà?

Dàda Àgbà

Òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, pẹ̀lú ẹyọ rẹ̀. Ẹ fi omi ṣan iyẹ̀pẹ̀ ojú rẹ̀ ná.

Màmá Ìbejì

Ìkòròdú lèmi náà wà o, ní Àgríìkì. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Èmi ni mo ni ìrèké àti guguru.