Obìnrin wo ló kú nílùú yín tí ọjà ò ná? (Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ)

Ọmọ Rẹ́mọ n'Ìbàdàn
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lọ́kàn mi látìgbà tí wọ́n sin ìyá kan ládùúgbò wa. Kánópì gba títì, olórin ń kọrin, owó ń fò lórí, àmọ́ mi ò rí ojú kan tó tutù fún omijé. Láyé ọjọ́sí, kí fóònù tó dé, obìnrin wo ló kú nílùú yín tí ọjà ò ná lọ́jọ́ náà? Mi ò wí olorì, mi ò wí ìyàwó olóṣèlú. Obìnrin tí ìlú kàn fẹ́ràn ni. Ẹni tó fojú rí i ni kó sọ, tàbí ẹni tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún.

Ìkẹ́nnẹ́ Lọmọ
Mama HID. Ìkẹ́nnẹ́, 2015. Ó tán.

Akọ̀wé Ògèrè
Wọ́n ní kì í ṣe ìyàwó olóṣèlú, òun náà lo kọ́kọ́ mú wá.

Ìkẹ́nnẹ́ Lọmọ
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ará ìta lẹ mọ̀ wọ́n ní ìyàwó Awólọ́wọ̀. Ọmọ bíbí Ìkẹ́nnẹ́ ni Màmá, oníṣòwò aṣọ sì ni wọ́n. Ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n lọ, ó ku bí oṣù méjì kí wọ́n pé 100 ọdún. Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá tó yẹ ká bá wọn ṣọjọ́ ìbí náà la sin wọ́n. Àwọn àgbà obìnrin ìlú tó ti múra sílẹ̀ fún ayẹyẹ yẹn, ẹ bi wọ́n bó ṣe rí lára wọn.

Ọmọ Rẹ́mọ n'Ìbàdàn
Kò burú, àbúrò. Àmọ́ ti àtijọ́ ni mò ń wá.

Ìyá Aláṣọ Ìpẹru
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ó gùn díẹ̀. Ìpẹru ni mo ń gbé báyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ìpẹru ló ti ṣẹlẹ̀. Ìlú kékeré kan ní Rẹ́mọ yìí náà ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ nítorí ẹbí kan tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá Agbẹ̀bí la máa ń pe ìyá yìí. Àwọn àgbà nìkan ló mọ orúkọ àbísọ wọn. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti fẹ́ wọn wá. Wọ́n kàwé agbẹ̀bí, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni wọ́n ń gùn kiri, àpótí dúdú kan á wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí aago kẹ̀kẹ́ yẹn bá dún lóru, ìyá mi á ní, "Olúwa, sọ ọ́ layọ̀ fún ẹni tó ń rọbí." Èmi àti gbogbo àwọn ọmọ ìyá mi, ọwọ́ wọn la bọ́ sí. Ẹni tí kò bá lówó, wọ́n á ní kó mú iṣu wá nígbà ìkórè, tí kò bá mú un wá náà, wọn ò ní béèrè. Àwọn fúnra wọn ò bímọ rí.

Òjò pa wọ́n bọ̀ láti abà kan tí wọ́n ti lọ gbẹ̀bí. Orí ló kọ́kọ́ ń fọ́ wọn, ara wá gbóná. Kò pẹ́ tó fi di pé akígbe ń lu agogo lórí wọn. Ọkọ wọn ti kú tipẹ́. Àwọn ẹbí ọkọ kàn dákẹ́ ni, kò sẹ́ni tó sọ pé òun á ra pósí. Ìdákẹ́ yẹn dun ìyá mi dọjọ́ ikú.

Ẹbí bàbá wọn gbéra láti Òde, wọ́n gbé bọ́lẹ̀kájà wá. Wọ́n ní òkú obìnrin, ilé bàbá rẹ̀ ló ń sùn, áḿbèlété ẹni tí kò lọ́mọ tí yóò tọ́jú sàréè rẹ̀ nílé ọkọ. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, bí àṣà ṣe wí nìyẹn. Àwọn ìyá ọlọ́jà bá lọ jókòó síwájú ọkọ̀. Wọ́n pọ̀ débi pé dẹ́rẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ó lọ wá ibòji. Ìyá mi wà níbẹ̀, àbúrò mi wà lẹ́yìn wọn.

Bàbá àgbà kan láti Òde wá bi wọ́n pé, "Ọmọ dà? Ta ni yóò dúró bí ọmọ olókùú? Ta ni yóò dín àkàrà?"

Obìnrin kan ti ọmọ ẹ̀ síwájú, ó ní "Èyí rèé." Òmíràn ti tiẹ̀. Ìyá mi na èmi náà síta. Lẹ́yìn náà ni àwọn géńdé ọkùnrin tó ti lọ́mọ nílé ń jáde fúnra wọn, tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá náà ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n bu omi fún un. Ó ní, "Ẹ sin ín síbí."

Gbogbo ojúlé ló dín àkàrà. Epo tán lọ́jà.

Dánfó Kò Dúró
Mò ń sunkún nínú ọkọ̀, àwọn èèyàn ń wò mí.

Bàbá Oníwèé, Ìjẹ̀bú-Òde
Ìtàn yìí wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ bèèrè. Ọdún wo ni? Mi ò rò pé àwọn èèyàn wa ní Òde á fi òkú ọmọ wọn sílẹ̀ wẹ́rẹ́ báyẹn. Ẹ̀yin Rẹ́mọ náà kọ́, látìgbà tí ọba yín, Akárígbò Adédọ̀yìn, ti já yín gbà lábẹ́ wa láyé òyìnbó, ẹ fẹ́ máa borí wa nínú gbogbo ìtàn.

Ìyá Aláṣọ Ìpẹru
Bàbá, mi ò bá yín jà. Mi ò mọ ọdún náà gan-an, kékeré ni mí. Ohun tí mo rántí ni pé apá òsì títì ni bọ́lẹ̀kájà yẹn gúnlẹ̀ sí, apá tí wọ́n ń bá bọ̀.

Dẹ́rẹ́bà Fẹ̀yìntì
Ó ti ṣáájú 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 nìyẹn. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì, tá a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín, mo wà nídìí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Akọ̀wé Ògèrè
Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ lè dúró síbikíbi. Kí ni wọ́n fi ra epo àkàrà? Ṣílè ni àbí náírà?

Ìyá Aláṣọ Ìpẹru
Ṣílè ni o. Wọ́n fi ṣílè kan lé mi lọ́wọ́ láti ra epo kún un, mi ò rí epo rà.

Akọ̀wé Ògèrè
Oṣù kìíní 1973 ni náírà dé. Ọ̀rọ̀ Dẹ́rẹ́bà àti tèmi ò jìnnà síra.

Ọmọ Sábó Ṣágámù
Tiwa ní Ṣágámù, ìyá olóbì kan ni. Òun ni í ṣe àkójọ gbànja fún àwọn Gàḿbàrí tó ń kó o lọ sókè. Tó bá ti ṣa obì fún ẹ, má wulẹ̀ tú apẹ̀rẹ̀ wò, kò ní fi èyí tó ti jẹ kòkòrò síbẹ̀. Ìyá àgbà mi ní lọ́jọ́ tó kú, àwọn Àfáà Sábó wọ́ wá sílé ẹ̀, wọ́n jókòó sórí ẹní, Kìrìsìtẹ́nì sì ni ìyá náà. Wọ́n gbàdúrà tiwọn, wọ́n dìde. Kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn.

Títílayọ̀ k'Ẹ́kọ̀ọ́
Èyí náà dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí. Ẹni ọdún mélòó ni wọ́n? Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó bá ti lé ní 70 là ń dín àkàrà fún. Òkú ọ̀fọ̀ ni tẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Aláṣọ Ìpẹru
Wọn ò tó 70. Irun wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń funfun ni.

Bàbá Oníwèé, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ rí i? Kò bímọ, kò dàgbà tó. Àkàrà kí ni?

Adúróṣinṣin
Èmi náà ò bímọ, Bàbá. Mo ti lé ní 50. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀. Àkàrà tí ìlú dín fún obìnrin yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Bàbá Oníwèé, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ má bínú, ìyá mi. Àṣà ni mò ń wí, mi ò fi bú ẹnikẹ́ni.

Dẹ́rẹ́bà Fẹ̀yìntì
Àwọn ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ yẹn ni ọmọ. Ta ni yóò kà wọ́n tí kò ní gbà pé wọ́n pọ̀?

Ìyá Aláṣọ Ìpẹru
Adúróṣinṣin, mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀. Ẹ wá sí Ìpẹru, ẹ wá jẹun nílé mi.

Dánfó Kò Dúró
Àwa náà ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ sè?

Ìyá Aláṣọ Ìpẹru
Ẹ̀bìrìpò. Òun náà la sè fún àwọn àlejò Òde lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn.

Bàbá Oníwèé, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ̀bìrìpò fún ará Òde tó ń ṣọ̀fọ̀! Kí ló dé tí ẹ ò ro ìkòkorẹ́?

Ìyá Aláṣọ Ìpẹru
Kò sí ewùrà nílẹ̀ lásìkò yẹn, Bàbá. Kókó la ní. Wọ́n sì jẹ ẹ́ tán, bàbá àgbà yẹn tún bu sí i.

Títílayọ̀ k'Ẹ́kọ̀ọ́
Ewé ni wọ́n fi dì í nígbà náà, kì í ṣe ọ̀rá tí wọ́n ń lò lónìí. Ó máa ń yàtọ̀ lẹ́nu.

Akọ̀wé Ògèrè
Lórí ọ̀rọ̀ ewé yìí, èmi àti Títílayọ̀ gbà. Ẹ jẹ́ n pe ìyá mi, wọ́n ní obìnrin aláró kan wà lÓgèrè tí wọ́n fi odidi ọ̀sẹ̀ ṣọ̀fọ̀. Mò ń bọ̀.